Àga Owó Údòjì: Bí A Ṣe Tún Pálọ̀ Màmá Ṣe Pẹ̀lú ₦200,000

Ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin jókòó sórí àga kan ní pálọ̀ Màmá ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, tí kò sì lè dá dìde, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Fóòmù abẹ́ àga náà ti di lẹ́búlẹ́bú. Ó rì wọnú rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Màmá. Nígbà tí a fà á dìde tán, ó gbọn ìyẹ̀fun fóòmù kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kó àwọn àga yìí jù sẹ́yìnkùlé. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tuntun, tí èèyàn á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Màmá ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gbé wọn jáde, ẹ gbé èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ má bínú sí Màmá. Akọ̀wé ni Bàbá wa ní Sẹkitéríàtì Agodi, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣì wà. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí 1975 wọlé, wọ́n san gbogbo àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni kò ra nǹkan lọ́dún yẹn? Àwọn kan ra rédíò, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá wa kó tirẹ̀ fún káfíńtà, ó ní kó bá òun fi ìrókò ṣe àga: ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan, ẹlẹ́nì-kọ̀ọ̀kan mẹ́rin, tábìlì àárín tó ní fọ̀máíkà, ìyẹn awẹ́ líle tó ń dán, lórí, àpótí kéékèèké méjì, àti rúùmù difáídà, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù gìrìwò kan tó gba ògiri kan tán. Àga owó Údòjì ni a ń pè wọ́n nílé wa títí di òní.

Ní 2021 tí à ń sọ yìí, wọ́n ti pé ọdún 46. Àwa ọmọ mẹ́rin dá ₦50,000 kọ̀ọ̀kan, ó di ₦200,000. Kí a tó ná kọ́bọ̀ kan, mo tẹ̀ lé àbúrò mi lọ wo àga tuntun tó ń sọ. Ó dùn ún wò, irọ́ kọ́. Mo bẹ ọmọ tó ń tà á pé kó jẹ́ ká dojú ọ̀kan délẹ̀. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ tì í wò: páálí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pákó tó gbé e dúró kò sì ju àtàǹpàkò mi lọ. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Sátidé kan la kó gbogbo nǹkan jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Mo dá a lábàá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó kọ́kọ́ kó ẹrù jáde kó tó dá àga lẹ́bi. Láti 1975, nǹkan ń wọ pálọ̀ yẹn, kò sí èyí tó ń jáde: kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún mọ́kànlá lórí ìṣó kan ṣoṣo, òdòdó oníke tí eruku ti sọ di àwọ̀ kan, abọ́ àti ife ìrántí òkú àwọn tí a kò mọ̀ mọ́, fáànù tí kò yí mọ́, kọ́tìnì tó nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì. Inú àlàfo àga ẹlẹ́ni-mẹ́ta la ti rí kọ́kọ́rọ́ kan. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Torí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni Bàbá ṣe nà mí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo sì ń pariwo pé èmi kọ́ ni mo gbé e.

Nígbà tí pálọ̀ ṣófo, tí kọ́tìnì kúrò lójú fèrèsé, gbogbo wa kàn dúró ni. Yàrá náà tóbi. A kò mọ̀.

Bàbá Káfíńtà tí a pè, àgbàlagbà ni, kò sì kánjú. Ó dojú àga kọ̀ọ̀kan délẹ̀, ó kàn án kó-kó-kó, ó mi ẹsẹ̀ wọn. Ó wá pe Màmá, ó fi ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ ara àga hàn án: ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹnu sí igi kan, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí èkejì, tí wọ́n fi kó ara wọn, kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. "Ìyá, ẹ kò rí irú ìrókò yìí rà mọ́ ní ọjà Bódìjà lónìí, àfi kí ẹ ta ilẹ̀." Màmá wo àbúrò mi. Àbúrò mi wo òkè.

Ẹsẹ̀ méjì péré ló ń mì. Bàbá Káfíńtà yọ wọ́n, ó fi ọ̀bẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ti gan sínú ihò náà kúrò pátá, torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú igi tí ti àtijọ́ bá ṣì bò ó. Ó fi gọ́ọ̀mù funfun sí i, ó dá a padà, ó wá ta okùn yí àga náà po, ó ki igi kékeré bọ inú okùn, ó ń lọ́ ọ bí ẹni tó ń fún aṣọ títí okùn fi le dan-in dan-in. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ irinṣẹ́ olówó ńlá ni okùn àti igi yẹn ṣe.

Àwọn àpótí kéékèèké méjì ló ní àìsàn. Igi arère ni wọ́n, kì í ṣe ìrókò, bóyá owó Údòjì ti ń tán lọ nígbà tó kàn wọ́n. Kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn arère; kì í sábà rí ọ̀nà wọ àárín ìrókò. Ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ kún ẹsẹ̀ wọn, àmọ́ ihò nìkan kò fi hàn bóyá kòkòrò ṣì ń bẹ níbẹ̀ tàbí ó ti lọ tipẹ́. A gbọn wọ́n dáadáa, a tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ wọn mọ́jú. Ní àárọ̀, ìyẹ̀fun igi wà lórí ìwé abẹ́ ọ̀kan, èkejì mọ́ tónítóní. A fi abẹ́rẹ́ ìgúnni tí a rà ní ilé oògùn fún oògùn igi sínú ihò kọ̀ọ̀kan, a fi ọ̀rá wé àpótí náà, a gbé e síta fún ọ̀sẹ̀ kan níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó o. A tún ìwé tẹ́ lẹ́yìn náà. Ìyẹ̀fun kò já bọ́ mọ́.

Ìjà ọ̀dà ló kàn. Àbúrò mi ti rí àwọn àga tí wọ́n kùn ní funfun lórí fóònù, ó sì ti pinnu. Èmi náà ti pinnu: ẹni tó bá kun ìrókò ọlọ́dún 46 ní ọ̀dà funfun, kó wá ṣàlàyé fún Bàbá lójú àlá. Ohun tó mú kí àga náà dúdú bí ìdí ìkòkò kì í kúkú ṣe igi rẹ̀. Bàbá Káfíńtà rẹ àkísà sínú sípírítì, ó fi nu ìdí àga kan níbi tó fara sin. Àkísà náà pọ́n, ibi tó nù ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ní pólíìṣì àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn ọ̀gá òun máa ń po pẹ̀lú sípírítì, ohun tó pò ó náà ló máa tú u. Tó bá jẹ́ fánìṣì ni, sípírítì kò ní tú u bẹ́ẹ̀, sáńpépà la ò bá máa fà títí di alẹ́.

Sípírítì, àkísà, àti irin wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀ bíi kànrìnkàn: ọjọ́ méjì ni a fi nù wọ́n, níta gbangba, iná kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ wa. Àwọ̀ tó jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí oyin. Ibi díẹ̀ tó ti họ nìkan la fi sáńpépà ònkà 240, èyí tó kúnná, ra. Ọmọọṣẹ́ Bàbá Káfíńtà kò fi nǹkan bo imú, ó ní ó ti mọ́ òun lára. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ń sín, ó sì ń họ apá rẹ̀ kiri. Ìyẹ̀fun ìrókò máa ń ta èèyàn lára, ó sì máa ń wọ èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Ẹ fi nǹkan bo imú.

Ọmọ yìí náà ló fẹ́ fọ́ iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nínú àwọn àga ẹlẹ́nì-kọ̀ọ̀kan, ti Bàbá wà. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti yọ́ sínú díẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà tó bá ń gbọ́ ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Ọmọọṣẹ́ rí i pé kò tẹ́jú, ó mú sáńpépà líle, ó fẹ́ bá wa tẹ́ ẹ. Màmá ló kígbe láti ẹnu ọ̀nà. A nu apá yẹn ní sípírítì nìkan. Bó ṣe yọ́ náà ló ṣì yọ́.

Àdéhùn tí a bá àbúrò mi ṣe ni pé kó kun rúùmù difáídà, àwọn àpótí méjèèjì, àti tábìlì àárín. Orí tábìlì ló ti gbá wa létí. Ó fi omi nù ún, ó kùn ún, ó rẹwà gan-an ní ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá gbé fíláàsìkì omi gbígbóná lé e. Nígbà tó gbé e kúrò, ọ̀dà tẹ̀ lé e lọ, róbótó bí owó. Fọ̀máíkà ń dán, kò ní ojú tí ọ̀dà máa dì mú. Èèyàn ní láti fi sáńpépà gba dídán náà kúrò, kó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó wà fún ohun dídán tẹ́ ẹ, kó tó kan ọ̀dà gangan. A fo gbogbo ìyẹn. Àwa la jẹ̀bi.

Owó ti ń tán nígbà yẹn, a kò fẹ́ ra ọ̀dà mìíràn. Màmá wọ yàrá lọ, ó mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá rẹ̀ wá, èyí tó ti ya ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò ṣe é ró mọ́. A gé ibi tó ṣì dára, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ní kí onígíláàsì gé gíláàsì tó jẹ́ ìwọ̀n tábìlì náà, kó sì ra etí rẹ̀ kó má baà géni lọ́wọ́. Ìṣó kankan kò sí, gọ́ọ̀mù kankan kò sí, ìwúwo gíláàsì ló dì í mú. Ohun tí gbogbo àlejò kọ́kọ́ ń wò nínú pálọ̀ yẹn nìyẹn, àṣìṣe ló sì bí i.

Orí ìjókòó ni a ná owó sí jù. Bí igi bá dára, tí ìdí bá ń rì, àga gbígbó ni gbogbo ayé máa pè é. Abẹ́ tìmùtìmù la ti bẹ̀rẹ̀: okùn tó gbé e dúró ti já. Fọkanáísà tó wà ní ìkóríta fún wa ní ṣúúbù táyà ọkọ̀ mẹ́ta tí kò ṣe é lẹ̀ mọ́, kò gbowó, ó kàn ní ká fi ẹlẹ́rìndòdò rántí òun. A gé wọn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní íǹṣì méjì, a nà wọ́n, a kàn wọ́n mọ́ igi, a hun wọ́n bọ ara wọn bí ẹní. Àga tuntun tí a lọ wò kò ní irú rẹ̀ nísàlẹ̀.

Tìmùtìmù ìjókòó méje ló wà, ti ẹ̀yìn méje. Íǹṣì 22 sí 22 ni ti ìjókòó. Pátákó fóòmù líle oníǹṣì mẹ́rin tí a rà jẹ́ íǹṣì 72 sí 54. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́ta ní gígùn, méjì ní ìbú, mẹ́fà ló jáde. Èwo ni ti ìkeje? Oníkúṣìn tó máa bá wa rán àpò wọn ní ká ra pátákó kejì. Mo jókòó pẹ̀lú bírò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ íǹṣì mẹ́wàá ní ìbú, lápá kejì íǹṣì mẹ́fà. Mo gé ẹ̀là méjì tó jẹ́ íǹṣì mẹ́wàá ní ìbú, mo gé íǹṣì méjì lára èyí tó jẹ́ mẹ́fà, mo fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó di 22 gẹ́lẹ́. Àga kọ̀rọ̀ ni a fi sí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ tó mọ̀.

Ti ẹ̀yìn kò nílò fóòmù líle. Fóòmù rírọ̀ oníǹṣì mẹ́ta la lò, íǹṣì 22 sí 18, mẹ́sàn-án sì jáde lára pátákó kan. Méjì tó lé di ìjókòó orí àwọn àpótí kéékèèké. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó rọ̀ sí ìjókòó fún yín nítorí pé ó kéré lówó. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ fóòmù mọ́lẹ̀ lọ́jà, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò: èyí tó bá ń rò ó kó tó dìde, kò ní sìn yín pẹ́.

Aṣọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ ánkárá, nítorí pé ó wà nínú àpótí lọ́fẹ̀ẹ́. Ánkárá fẹ́lẹ́, lórí ìjókòó, ìdí àti sòkòtò líle máa rà á ya. A lò ó fún ìrọ̀rí kéékèèké tí wọ́n ń gbé sí igun àga. Fún àga gangan, aṣọ àga tó nípọn la rà ní ọjà Gbági tuntun, àwọ̀ ewé tó ṣú, kò ní òdòdó kankan. Àwọ̀ pupa àrán àtijọ́ ni Màmá ṣì fẹ́, àmọ́ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó pọ́n bí oyin, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ á máa jà. Aṣọ tí kò ní òdòdó tún ní èrè mìíràn, ẹ kò ní fi aṣọ ṣòfò láti mú kí òdòdó bára mu. Oníkúṣìn ní yáàdì 25. Aṣọ náà fẹ̀ ní íǹṣì 54, tìmùtìmù kan kò gbà ju yáàdì kan lọ. A ra 15. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó gbà á.

Ó ní ọjọ́ márùn-ún ni òun máa fi rán an. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló gbé e dé, mo sì ti mọ gbogbo ẹbí rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lẹ́nu ìgbà yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó rán àpò mẹ́rin tóbi ju fóòmù lọ, wọ́n rí bí aṣọ bàbá lọ́rùn ọmọ. Ìwọ̀n àpò gbọ́dọ̀ kéré sí ti fóòmù díẹ̀, bí ìdajì íǹṣì, kí fóòmù lè tì í kó le. A dá wọn padà. Mo ti kìlọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó fi síìpù sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò gbàgbé. Èyí tí ọmọ bá da ẹ̀bà sí, a ó bọ́ ọ fọ̀.

Rúùmù difáídà ńkọ́? Ihò tí wọ́n dá sí i fún tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un jìn bí ihò òkété, kò sì fẹ̀ tó tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí. Bàbá Káfíńtà rí i pé síkúrúù ló so apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó tú wọn. Ìsàlẹ̀ di kọ́bọ́ọ̀dù gígùn tí tẹlifíṣọ̀n jókòó lé, a kùn ún ní àwọ̀ eérú, a pààrọ̀ ọwọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Òkè lọ sí ọ̀nà yàrá, ó di ibi ìwé. Láti ọjọ́ yẹn ni ògiri yẹn ti ń mí.

Ètò ìjókòó ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ jù. Látijọ́, gbogbo àga ló fẹ̀yìn ti ògiri yí pálọ̀ po bí ìpàdé ẹbí. A fà wọ́n síwájú, a jẹ́ kí wọ́n kojú ara wọn yí tábìlì àdìrẹ ká, a gbé ẹlẹ́nì-kọ̀ọ̀kan kan lọ sí yàrá Màmá. Ó béèrè pé tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ bá dé, ṣé orí òun ni wọ́n máa jókòó sí. Ó tọ̀nà láti béèrè. A fi yé e pé àwọn àpótí méjèèjì ti ní ìjókòó báyìí, wọ́n ń fara pamọ́ sábẹ́ fèrèsé títí a óò fi nílò wọn. Ó gbà, ó kù sí ibì kan: àga Bàbá gbọ́dọ̀ kojú ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń wà. Ibẹ̀ ló wà.

Fóòmù, aṣọ, síìpù àti owó iṣẹ́ oníkúṣìn gba ₦125,000. Bàbá Káfíńtà gba ₦30,000. Sípírítì, sáńpépà, ọ̀dà, oògùn igi àti fánìṣì tí a fi bo ìrókò gba ₦22,000; gíláàsì gba ₦12,000; ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ gba ₦15,000. A fi ₦4,000 kọjá àlà, inú owó àjọ Màmá ló ti jáde, ó sì máa ń rán wa létí. Owó fóòmù ti fò sókè láti ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má mú iye yìí lọ sọ́jà. Ìpín rẹ̀ ni mo fi ń ṣírò títí di òní: bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ náírà mẹ́wàá, ẹ ya mẹ́fà sọ́tọ̀ fún ohun tí ìdí máa jókòó lé, kí ẹ tó ronú ọ̀dà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ìjọ dé lóòótọ́. Wọ́n fi ọwọ́ pa aṣọ àga, wọ́n tẹjú mọ́ àdìrẹ abẹ́ gíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí àga kọ̀rọ̀, èyí tí fóòmù rẹ̀ jẹ́ àlẹ̀mọ́, ó fara rọ̀, ó bi Màmá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ti rí irú èyí rà? Ẹ má sọ fún mi pé àwọn ọmọ ló rà á látòkè òkun."

Màmá tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Owó Údòjì ni."